Kí Àrùn Tó Dé: Ohun Tí A Lè Kọ́ Lára Àwọn Orílẹ̀-Èdè Tó Ti Kojú Àjàkálẹ̀



Ìbéèrè kan wà tí a máa ń gbọ́ nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ àrùn kòrónà bá jẹ yọ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní Òrè àti Odígbó. Wọn a ní: bí àrùn yìí bá le tó bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lóòótọ́, báwo ni ó ṣe jẹ́ pé Amẹ́ríkà tó lówó, tí ilé ìwòsàn rẹ̀ gbajúmọ̀ káàkiri ayé, pàdánù èèyàn tó lé ní 1,100,000, tí Nàìjíríà sì ka òkú tí kò tó 3,200? Láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ. Àwọn kan á ní oòrùn wa ni. Àwọn kan á ní ata àti agbo ni. Àwọn mìíràn á kúkú sọ pé kò sí àrùn kankan rárá, pé àwọn olóṣèlú ni wọ́n fi kówó jẹ. Ṣùgbọ́n ibi kan náà ni gbogbo wọn ń já sí: pé kò sí ohun tí a ní láti kọ́ lára ẹlòmíràn, àti pé ètò ìlera wa bí ó ṣe wà yìí náà ti tó.

A kò gbà bẹ́ẹ̀. Iye òkú tí orílẹ̀-èdè kan kà kò tó láti fi mọ bí ilé rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ohun tí ó yẹ kí á wò ni ohun tí ó ti wà nílẹ̀ kí àrùn tó dé, bí ó ṣe súnmọ́ aráàlú tó, àti bóyá aráàlú gbà á gbọ́.

Ibi tí a ń gbé náà tún jẹ́ ìdí kan tí ó fi yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí kàn wá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Bìní gba Òrè kọjá, ọ̀nà Oǹdó àti ọ̀nà Òkìtìpupa sì ń pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń lọ sí ìlà-oòrùn ń dúró jẹun lọ́dọ̀ wa, lọ́sàn-án àti lóru. Kò sí ọmọ ìlú yìí tí kò tíì gbọ́ nípa ìjà Òrè ti ọdún 1967, bí àwọn ọmọ ogun Biafra ṣe dé ibẹ̀ tí wọn kò sì ré e kọjá. Àìsàn kì í dúró bí ọmọ ogun. Nígbà tí àrùn ọ̀fìnkìn ńlá tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú dé sí Èkó nínú ọkọ̀ ojú omi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ojú irin ni ó gbà wọ inú ilẹ̀ lọ. Èyíkéyìí tó bá tún balẹ̀ sí Èkó lónìí, ojú ọ̀nà tiwa yìí wà lára ibi tí yóò gbà.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ ÈTÒ ÌLERA?

Bí a bá dárúkọ ètò ìlera, ilé ìwòsàn ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́kàn, bẹ́ẹ̀dì, dókítà, àti oògùn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni. Nọ́ọ̀sì tí ó rí ibà kan tí ó sì sọ pé “èyí kò jọ ibà tí a mọ̀” wà nínú ètò ìlera. Ẹni tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sínú kúlà oníyìnyín tí ó gun ọ̀kadà lọ fi í jíṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Yàrá àyẹ̀wò tí yóò dáhùn kí ọjọ́ méjì tó pé wà nínú rẹ̀. Òṣìṣẹ́ tí yóò máa ti ilé dé ilé béèrè ẹni tó bá aláìsàn jẹun náà ń bẹ níbẹ̀. Owó tí a fi ń san gbogbo èyí, àti ọ̀dọ̀ ẹni tí owó náà ti ń jáde, jẹ́ apá kan. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ìyá kan ní tí yóò fi gbé ọmọ rẹ̀ jáde dípò kí ó fi í pamọ́ sí yàrá náà jẹ́ apá kan.

Bí ẹ bá fi èyí sọ́kàn, ẹ ó rí i pé orílẹ̀-èdè kan lè ní ilé ìwòsàn tó dára gan-an kí apá yòókù sì ṣófo. Òmíràn lè má ní ilé ìwòsàn tó pọ̀, kí apá yòókù sì yọ ọ́.

EBOLA ỌDÚN 2014

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje ọdún 2014, ọkùnrin ọmọ Làìbéríà kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer wọ bàálù láti Monrovia, ó gba Lomé, ó sì balẹ̀ sí Èkó pẹ̀lú Ebola lára. Ó ṣubú ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn dókítà ìjọba wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì ní àkókò náà, nítorí náà ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ọbáléndé, First Consultant, ni wọ́n gbé e lọ. Ó sọ fún wọn pé òun kò fara kan ẹnikẹ́ni tó ní Ebola. Ibà lásán ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh wò ó, ọkàn rẹ̀ kò gbà á, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún Ebola. Àwọn aláṣẹ láti Làìbéríà ń fúngun mọ́ wọn pé kí wọ́n jẹ́ kí ó máa lọ, obìnrin yìí kọ̀ jálẹ̀. Sawyer kú ní ọjọ́ 25. Dókítà Adadevoh náà kó àrùn yìí, ó sì kú ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ.

Ká ní ó ti jẹ́ kí ọkùnrin náà jáde sí ìgboro Èkó ńkọ́? Láti gárèjì Èkó dé Òrè kì í ṣe ìrìnàjò odidi ọjọ́ kan.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni ó yẹ kí á kọ́. Nàìjíríà ti ń bá àrùn rọpárọsẹ̀ àwọn ọmọdé jà fún ọ̀pọ̀ ọdún kí Ebola tó dé. Nítorí ìjà yẹn, ọ́fíìsì wà tí wọ́n ti ń darí iṣẹ́ pàjáwìrì, àwọn dókítà wà tí a ti kọ́ bí a ṣe ń tọpa àrùn, àwọn èèyàn sì wà tí ẹsẹ̀ wọn ti mọ ọ̀nà ilé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ìjọba ṣe ni pé wọ́n yí irinṣẹ́ yìí padà sí Ebola. Dókítà Faisal Shuaib, tí ó wà nídìí iṣẹ́ rọpárọsẹ̀, ni wọ́n fi ṣe olórí. Wọ́n kọ orúkọ èèyàn 894 tí wọ́n ti bá àwọn aláìsàn pàdé ní Èkó àti Port Harcourt, wọ́n sì lọ bá wọn nílé ní nǹkan bí ìgbà 18,500, wọ́n ń wo bí ara wọn ṣe gbóná sí títí ọjọ́ 21 fi pé. Èèyàn 20 ni ó kó àrùn náà, 8 kú. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Nàìjíríà ti bọ́.

Ní ti Gíní, Làìbéríà àti Sàró tí à ń pè ní Sierra Leone, èèyàn tó lé ní 28,000 ni ó kó o, àwọn tó lé ní 11,000 sì kú. Ṣé àwọn ènìyàn ibẹ̀ gọ̀ jù wá lọ ni? Rárá o. Oṣù kejìlá ọdún 2013 ni àrùn náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú igbó Gíní, oṣù kẹta ọdún 2014 ni a tó mọ orúkọ rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ó fi ń rìn láìsí ẹni tó dá a mọ̀. Nínú orílẹ̀-èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dókítà kan tàbí méjì péré ni ó wà fún èèyàn 100,000, nítorí ogun abẹ́lé ti tú Làìbéríà àti Sàró ká. Ogun náà kan náà ni ó sì ba ìgbẹ́kẹ̀lé jẹ́. Nígbà tí ìjọba Làìbéríà fi ṣọ́jà yí àdúgbò West Point ká ní Monrovia ní oṣù kẹjọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè wọlé tàbí jáde, ìjà bẹ́ sílẹ̀, ìbọn ba ọmọdékùnrin kan, ó sì kú. Kò pẹ́ tí ìjọba fúnra wọn fi tú okùn náà. Àwọn èèyàn ń fi aláìsàn wọn pamọ́, wọ́n ń wẹ òkú lóru kí ẹnikẹ́ni má baà rí i, ara òkú sì ni àrùn náà ti ń ràn jù.

Níbi ọ̀rọ̀ òkú yìí, ẹ̀kọ́ kan wà fún àwa Mùsùlùmí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ aṣọ funfun bí iwin, wọn á kó òkú sínú àpò, wọn á lọ, ẹbí kò ní mọ ibi tí wọ́n sin ín sí. Ìgbà tí wọ́n pe àwọn ìmáàmù àti àwọn àlùfáà ìjọ Kírísítì sí ìjókòó, tí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe sin òkú láìfọwọ́ kàn án ṣùgbọ́n tí ẹbí yóò dúró nítòsí tí wọn yóò sì gbàdúrà sí i, ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìjọba fúnra wọn.

Sẹ̀nẹ̀gà ńkọ́? Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Gíní kan gbé e wọ ibẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ilé ìwádìí Pasteur tó wà ní Dakar yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n tọpa èèyàn 74, wọ́n tọ́jú ọ̀dọ́mọkùnrin náà ó sì yè. Kò ran ẹlòmíràn kankan.

Nítorí náà, ìṣẹ́gun Nàìjíríà ní 2014 kì í ṣe ti ilé ìwòsàn ńláńlá. Ilé ìwòsàn ìjọba tilẹ̀ wà ní títì! Ojú dókítà kan tó mọ́ kedere ni, àti ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ rọpárọsẹ̀. Kí á má sì gbàgbé pé ní àkókò yẹn kan náà ni ọ̀pọ̀ wa ń jí ara wa lóru pé kí á fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí á sì mu nínú rẹ̀. Àwọn kan kú nítorí omi iyọ̀ yẹn ní orílẹ̀-èdè yìí. Ibi tí òótọ́ kò bá tètè dé, irọ́ á ti dé ibẹ̀ ṣáájú.

KÒRÓNÀ DÉ

Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni àyẹ̀wò fi hàn pé kòrónà ti wọ Nàìjíríà. Ọmọ Ítálì kan ni ó gbé e wọ Èkó, ó sì ti dé Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn kí a tó mọ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yunifásítì Redeemer's ní Ẹdẹ, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Christian Happi, ti ka àwòrán ìṣẹ̀dá kòkòrò náà láti inú ohun tí wọ́n gbà lára ọkùnrin yìí. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹdẹ tiwa níhìn-ín ni o! Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé a kò ní ọpọlọ.

Ṣùgbọ́n ọpọlọ kan ní Ẹdẹ kò tó orílẹ̀-èdè tí èèyàn inú rẹ̀ lé ní 200,000,000. Ní oṣù kẹta, nǹkan bí yàrá àyẹ̀wò márùn-ún ni ó lè yẹ kòrónà wò ní gbogbo Nàìjíríà, kò sì sí ọ̀kankan nínú wọn ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí gómìnà Rótìmí Akéredolú kéde aláìsàn àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ wa ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, àyẹ̀wò ẹni tí ara kò yá ní Òrè ní láti rin ìrìnàjò kúrò ní ìpínlẹ̀ kí ìdáhùn tó lè padà wá. Kí ọdún náà tó parí, yàrá àyẹ̀wò ti lé ní 70 káàkiri orílẹ̀-èdè. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì gbọ́dọ̀ yin àwọn tó ṣe é. Àmọ́ àrùn kì í dúró de ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́.

Ẹ wo Gáná. Èèyàn wọn kò tó ìdá kan nínú márùn-ún tiwa, síbẹ̀ nígbà tí oṣù kẹfà ọdún 2020 fi parí, àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe ju ìlọ́po méjì tiwa lọ. Ọgbọ́n tí wọ́n dá rọrùn: wọ́n ń po àyẹ̀wò èèyàn bíi mẹ́wàá pọ̀ sójú kan. Bí kò bá sí àrùn nínú rẹ̀, gbogbo wọn bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá wà, ìgbà náà ni wọn á yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Àrùn yìí kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, kò sì mọ aláṣẹ. Gómìnà wa nígbà náà fúnra rẹ̀ kó o ní òpin oṣù kẹfà. Dókítà Wahab Adegbenro, kọmíṣánnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ Oǹdó tí ó ń darí ìjà náà, kú ní ọjọ́ 2 oṣù keje ọdún 2020. Ẹni tó bá ń sọ ní Òrè pé kòrónà kò sí, ẹni tó kú nídìí iṣẹ́ wa ni ó ń sọ̀rọ̀ sí.

KÓNÍLÉ-Ó-GBÉLÉ, ÀTI EBI

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún títí di òpin oṣù kẹfà, ìjọba àpapọ̀ fi òfin de ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn, àfi ọkọ̀ oúnjẹ àti ọjà tó ṣe kókó. Òfin yìí kò jìnnà sí ohun tí a ti mọ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) ti kọ́ wa pé kí á má wọ ìlú tí àjàkálẹ̀ wà, kí ẹni tó sì wà níbẹ̀ má sá jáde. Khalifa Umar sì ṣẹ́rí padà lójú ọ̀nà Ṣáámù nítorí àrùn. Ẹ̀kọ́ náà yé àwọn èèyàn. Kí ló wá dé tí wọ́n fi ń bá èèyàn lábẹ́ tapólì àti láàrin màlúù nínú ọkọ̀ ẹrù lójú pópó Nàìjíríà?

Ebi ni. Ẹni tí ó jẹ́ pé ohun tó bá rí lónìí ni yóò jẹ lónìí kò lè gbélé fún oṣù méjì. Àwọn orílẹ̀-èdè kan mọ èyí, wọ́n sì ka owó oúnjẹ mọ́ ara ìwòsàn. Ní Ìlú Ọba, ìjọba san ìdá 80 nínú 100 owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ wọn tì. Bí ẹ bá ní olówó ni wọ́n, ẹ wá wo Tógò tó wà nítòsí wa níbí. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní Novissi. Oníṣòwò kékeré tàbí ọlọ́kadà á fi fóònù lásán forúkọ sílẹ̀, owó á sì wọ inú fóònù rẹ̀. Ní Lomé, obìnrin ń gba 12,250 owó séfà lóṣù, ọkùnrin ń gba 10,500. Owó náà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó dé ọwọ́ ẹni tí a fi rán an sí láìgba ọwọ́ alága kan tàbí kánsẹ́lọ̀ kan kọjá. Lọ́dọ̀ tiwa, ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, àwọn èèyàn já ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó àti ní Ẹdẹ, wọ́n bá oúnjẹ ìrànwọ́ kòrónà níbẹ̀. Bí ìjọba bá tún ní kí irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ gbélé lọ́jọ́ mìíràn, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́?

ÀWỌN ORÍLẸ̀-ÈDÈ TÓ JÌNNÀ

Kòríà Gúúsù ni a fẹ́ kí ẹ fojú sí jù. Ní ọdún 2015, àrùn kan tí ń jẹ́ MERS bọ́ sí àárín wọn, èèyàn 186 kó o, 38 sì kú. Ojú tì wọ́n. Wọ́n tún òfin ṣe, wọ́n múra yàrá àyẹ̀wò sílẹ̀, wọ́n kọ́ àwọn tí yóò máa tọpa àrùn. Nígbà tí kòrónà dé ní oṣù kìíní ọdún 2020, ohun èlò ti wà nílẹ̀. Èèyàn lè jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹ̀bá ọ̀nà. Ọdún náà parí, àwọn tó kú nínú èèyàn bíi 51,000,000 kò tó 1,000.

Sáúdí Arébíà náà ti jìyà lọ́wọ́ MERS, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i ní 2012. Bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dá Úmúrà àwọn àjèjì dúró ní ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020, kí wọ́n tó rí aláìsàn kòrónà ẹyọ kan péré ní ilẹ̀ wọn. Ìpinnu yìí dun ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa tí wọ́n ti sanwó Háájì. Ní ọdún 2019, nǹkan bí 2,500,000 ló ṣe Háájì. Ní 2020, nǹkan bí 1,000 èèyàn tó ti ń gbé ibẹ̀ ni wọ́n gbà láàyè. Ní 2021, wọ́n gba 60,000, láti inú ilẹ̀ wọn náà ni. Ìjọba wọn tún pàṣẹ pé ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú kòrónà fún gbogbo ẹni tó wà nílẹ̀ wọn, títí kan àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú. Ọgbọ́n ń bẹ nínú èyí: àjèjì tó bá ń sá fún ọlọ́pàá kò ní wá sí ilé ìwòsàn, àrùn tó gbé pamọ́ á sì ran onílé.

Ìlú Ọba ní ètò ìlera tí aráàlú kì í sanwó níbi tí wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, èyí tí gbogbo ayé ń yìn. Síbẹ̀ èèyàn tó lé ní 70,000 kú níbẹ̀ ní ọdún 2020 nìkan. Wọ́n dáwọ́ títọpa àrùn láàrin ìgboro dúró ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta, nígbà tí àyẹ̀wò kò tó. Wọ́n dá àwọn arúgbó padà láti ilé ìwòsàn sí ilé ìtọ́jú àgbà láìyẹ̀ wọ́n wò. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ìbòmú àti aṣọ ààbò kiri. Ọmọ wa kan wà lára àwọn tí iná yìí jó: Dókítà Alfa Sa'adu, ọmọ Pàtègì ní ìpínlẹ̀ Kwara, tí ó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún nǹkan bí 40 ọdún tí ó sì ti fẹ̀yìn tì, padà wá ṣe ìrànwọ́, ó sì kú ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2020.

Amẹ́ríkà ni ti ẹ̀ẹ̀kejì tí owó kò gbà là. Ohun èlò àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí ìjọba wọn pín ní oṣù kejì kò ṣiṣẹ́ dáadáa, àrùn ti tàn kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn níbẹ̀ kò sì ní adójútòfò ìlera.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí ìbéèrè wa. Kí ló dé tí òkú tiwa fi kéré? Ohun àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí. Ìdajì àwọn ọmọ Nàìjíríà kò ju nǹkan bí ọmọ ọdún 18 lọ. Ní Ìlú Ọba, ìdajì ti lé ní ogójì tàbí kí ó súnmọ́ ọn. Àwọn àgbà ni kòrónà sì ń pa jù. Ohun kejì ni pé a kò kà á tán. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn wò ní Èkó ní apá ìparí ọdún 2020, wọ́n rí i pé nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ó ti kó kòrónà rí. Mílíọ̀nù èèyàn nìyẹn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún péré ló wà nínú ìwé. Ìwé ikú tiwa náà ńkọ́? Nínú abúlé oníkòkó ní ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó, bí bàbá arúgbó bá kú ní òwúrọ̀, à ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀, ta ni ó kọ ohun tó pa á sílẹ̀?

ỌWỌ́ TA NI OWÓ TI Ń JÁDE?

Nínú 100 náírà tí à ń ná sórí ìlera ní Nàìjíríà, ó lé ní 70 tó ń jáde láti inú àpò aláìsàn àti ẹbí rẹ̀. Ní Ìlú Ọba kò tó 20. Ohun tí èyí ń dá sílẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ ni pé ẹni tí ibà mú á kọ́kọ́ lọ sí kẹ́míìsì, á ra oògùn ibà. Bí kò bá lọ, á tún padà lọ ra òmíràn. Ọjọ́ keje ni yóò tó dé ilé ìwòsàn, ó sì ti ràn án kiri. Gáná ti ṣe òfin adójútòfò ìlera láti 2003. Tiwa bẹ̀rẹ̀ ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló sì jàǹfààní rẹ̀ jù. Òfin tuntun ti ọdún 2022 sọ ọ́ di dandan fún gbogbo èèyàn. Òfin wà nínú ìwé, ó kù kí ó dé oko kòkó.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, a ó sọ ọ́ ní ṣókí. Títí di ọdún 1991, Yábàá ní Èkó ni wọ́n ti ń ṣe àwọn abẹ́rẹ́ àjẹsára kan fún Nàìjíríà. Wọ́n ti ibẹ̀, a sì di ẹni tó ń dúró de ẹ̀bùn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, ìjọba ní láti ba abẹ́rẹ́ kòrónà tó lé ní 1,000,000 jẹ́ nítorí pé àwọn tó fi ta wá lọ́rẹ fi ránṣẹ́ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ ti ń parí lọ. Sẹ̀nẹ̀gà kò ti tirẹ̀. Títí di òní ni Dakar ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú fún gbogbo ayé.

ÒRÈ ÀTI ODÍGBÓ LÓNÌÍ

A kò ní láti dúró de àrùn láti Ṣáínà. Ibà Lassa ń bẹ lọ́dọ̀ wa lọ́dọọdún, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, Oǹdó àti Ẹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń dà láàmú jù. Eku ni ó ń gbé e. Láfún àti gàárì tí a sá sílẹ̀ tí eku rìn lórí rẹ̀ wà lára ọ̀nà tí ó ń gbà dé ẹnu wa. Ó ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà ẹ̀fọn gẹ́lẹ́. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n kùtùkùtù àrùn ni ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti èyí tó wà ní Irrua, lẹ́yìn Ekpoma, mọ iṣẹ́ náà dunjú. Àwọn èèyàn ń wá láti òkè òkun wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Àmọ́ Ọ̀wọ̀ kò lè wo ẹni tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ojú Dókítà Adadevoh yẹn ni a nílò ní ibùdó ìlera kékeré, lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì tí yóò sọ pé: oògùn ibà ti ṣe ọjọ́ méjì, ara kò rọlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á yẹ̀ ẹ́ wò fún Lassa.

Nítorí náà, kí ìjókòó ẹ̀kọ́ tó ń bọ̀ tó pé, a fẹ́ kí ọ̀dọ́ méjì méjì láti ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan lọ sí ibùdó ìlera tó súnmọ́ mọ́sálásí wọn, kí wọ́n kí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì béèrè ohun mẹ́rin. Ṣé nọ́ọ̀sì ń sùn níbẹ̀ lóru? Bí wọ́n bá fura sí Lassa lára ẹnì kan, ta ni wọn yóò pè ní ìjọba ìbílẹ̀, ṣé wọ́n sì mọ nọ́ńbà 6232 tí àjọ NCDC ń gbà ìpè sí lọ́fẹ̀ẹ́? Ibo ni ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ń lọ, ọkọ̀ ta ni ó ń gbé e, ọjọ́ mélòó sì ni ìdáhùn fi ń dé? Èló ni aláìsàn yóò san kí wọ́n tó dá a lóhùn? Kí ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ bá ṣe gbọ́ ọ, kí ẹ sì fi orúkọ abúlé tàbí àdúgbò yín sí i. A ó kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan, a ó sì mú un lọ sí ọ́fíìsì ètò ìlera ìjọba ìbílẹ̀ ní Òrè.